Ẹṣin Ojú Ìwé Kọkànlélógójì

Ní Ulaanbaatar, tí òtútù bá dé góńgó,
èéfín èédú a bo òpópónà bí aṣọ ìbora aláìsàn.
Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń já nínú bọ́ọ̀sì oníwáyà,
láti ibùdókọ̀ ojú irin títí dé àdúgbò àwọn onílé àgọ́.
Ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tà ni mo ti bẹ̀rẹ̀:
INÚ ÀGỌ́. ÒRU. Bàbá jókòó, kò wí nǹkan kan.
Ìka mi gan bí igi. Pẹ́ńsùlù ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ́ tí n kò fi han ẹnikẹ́ni.
Ọkọ mi rò pé ìṣirò owó ni mo ń ṣe,
a máa béèrè pé, "Èló ló kù?"
Mo ní, ó ku díẹ̀.
Irọ́ kọ́. Ó ku díẹ̀ lóòótọ́,
ó sì ń ku díẹ̀ náà lọ.

Sodnom, awakọ̀ wa, ló rí ìwé náà lábẹ́ ìjókòó.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní,
"Lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kẹtàdínlógún lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Má gba iwájú. Sọ̀kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń koná."

Mo lọ. Mo ṣẹ́rí padà lẹ́nu ọ̀nà. Mo tún lọ.
Ìléru ńlá kan wà níbẹ̀, ó ń mí bí akọ màlúù,
àwọn márùn-ún sì yí i ká lórí àpótí:
Gantömör tó ń yọ eyín aláìsàn,
Uyanga, tó ń kọ eré nípa olè tó ń bẹ̀rù òkùnkùn,
tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan,
àti ìyá àgbà Dulmaa,
tó fi ogún ọdún gbé ẹ̀rọ sinimá sórí ràkúnmí
kiri aṣálẹ̀, tó ń ta aṣọ funfun fún àwọn darandaran.
Wọn kò bi mí pé ibo ni mo ti kọ́ ọ.
Wọ́n bu tíì oníwàrà oníyọ̀ fún mi,
wọ́n ní, "Kà."

Ohùn mi ń gbọ̀n bíi fèrèsé bọ́ọ̀sì.
Bàbá ta ẹṣin rẹ̀ kó lè kó wá sílùú.
Odidi ogójì ojú ìwé ni wọ́n fi ń sọ ọ́:
ìyá ń sọ, àbúrò ń sọ, aládùúgbò ń sọ,
kódà àlejò tó wá yáná ń sọ.
Mo dákẹ́. Dulmaa ní, "Ọmọ mi, ẹṣin náà dà?"
Mo ní, ó ń bọ̀ lójú ìwé kọkànlélógójì.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.
Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká,
ọwọ́ tó ṣì ń rùn fún òróró ẹ̀rọ:
"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́,
jẹ́ kí n rí èémí ẹṣin náà nínú òtútù."

Ojú ìwé mẹ́rìndínlógójì ni mo ya dànù.
Gantömör ní, "Fẹnu dé e, ẹ̀jẹ̀ á dá."
Uyanga ń wọ bọ́ọ̀sì mi lálẹ́ kó lè ka èyí tó kù;
owó ọkọ̀ ló ń san, kì í jẹ́ kí n fojú fò ó.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jà lórí gbólóhùn mi kan,
ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Lóṣù kejì, a pín eré náà kà,
àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò ka Bàbá.
Jambal tó ń koná, tó máa ń ṣe bí ẹni sùn,
dìde láti ẹ̀yìn èédú. "Gbólóhùn mélòó ni?"
Mẹ́rin péré ló kù.
Ó kà á dé orí ìkẹrin,
Ẹ má fi okùn tuntun yẹn dè é,
ó sì rọra gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀.
Ìléru nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
N kò mọ̀ pé bàbá mi lè padà wá báyìí,
tòun ti èédú lójú.

Kò sẹ́ni tó tíì ra eré náà. A ò ní kámẹ́rà.
Lánàá ọkọ mi tún béèrè pé, èló ló kù.
Mo bu tíì fún un. Mo gbé ìwé lé e lọ́wọ́.
Mo ní, "Kà."